Láti Etí Odò dé Yábàá: Ìtàn Bí Aláìsàn Ọkàn Ṣe Ń Kúrò Lórí Oògùn

Ẹgàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìletò Àwórì tí Èkó gbòòrò dé bá ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà tó ti LASU gba Ìgàndó lọ sí apá Ìyánà-Ìpájà, níbi tí oko àti igbó ti di ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀bù. Ìtàn ìtọ́jú àìsàn ọkàn ní apá ibẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ibi mẹ́ta tí àwọn ará agbègbè náà ti ń gbé aláìsàn wọn lọ, ìyẹn ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, àti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀nà tó ń gbà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìṣègùn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ rí oògùn àti ọdún tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ló máa ń gba iwájú nínú àkọsílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, níbi ìparí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń fara gbá. Oògùn ìsoríkọ́, èyí tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ìbànújẹ́ àti àìnírètí tí kò lọ bọ̀rọ̀ ti gba oorun, oúnjẹ àti agbára iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe oògùn tí gbogbo ara lè já lójijì kí ó má fura. Bí ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún bá ṣíwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òòyì lè máa kọ́ ọ, èébì lè máa gbé e, oorun lè dá lójú rẹ̀ tàbí kí àlá burúkú máa dà á láàmú, ẹkún tàbí ìbínú lè máa bẹ́ jáde láìnídìí, orí rẹ̀ sì lè máa ta gìrì bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Ìnira ìdáwọ́dúró ni àpilẹ̀kọ yìí ń pe àpapọ̀ àwọn àmì wọ̀nyí. Ohun tí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fi hàn nípa rẹ̀ ni pé ìparí ìtọ́jú ní ètò tirẹ̀ nígbà kan, tí ẹbí àti oníṣègùn jọ ń ṣe lójú ẹlẹ́rìí. Pé ètò náà túká nígbà tí oògùn di hóró tí ẹnì kan ń dá gbé mì nínú yàrá. Àti pé ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹnu mọ́, ìyẹn dídín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú olùtọ́jú, nílò ẹlẹ́rìí bíi ti àtijọ́ kó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní irú ibi bí Ẹgàn.

Ilé oníṣègùn

Kí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ilé kankan fún aláìsàn ọpọlọ, ilé oníṣègùn ni wọ́n ń gbé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ìbátan kan á bá a lọ láti máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1950, lọ wo iṣẹ́ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lára ohun tó fi hàn ni pé asofẹ́yẹjẹ, igi kékeré tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauwolfia vomitoria, jẹ́ ọ̀pómúléró nínú àgbo tí wọ́n ń fún wèrè, àti pé gbòǹgbò rẹ̀ ní èròjà tí í mú ara rọlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó bá mu ún lè bì, ó lè yàgbẹ́, lẹ́yìn náà ni oorun á gbé e lọ fún wákàtí gbọọrọ, tí yóò sì jí pẹ̀lú ara tó ti wálẹ̀.

Ìtọ́jú náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan, nítorí aláìsàn lè lo oṣù mélòó kan ní ilé oníṣègùn kí wọ́n tó gbà pé ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí àkókò bá tó, wọn kì í kàn sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Nínú iṣẹ́ tí Prince tẹ̀ jáde ní 1964, ó ṣàpèjúwe ètò ìdágbére tí wọ́n ń ṣe létí odò: wọ́n á fá orí ẹni tó gbádùn, wọ́n á fi ẹyẹlé ṣe ètùtù, wọ́n á bọ́ aṣọ tó wọ̀ nígbà àìsàn kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí omi gbé e lọ, wọ́n á sì wọ aṣọ mìíràn fún un, kó lè hàn pé ẹni tó ń padà sílé kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé wá mọ́. Ẹbí rẹ̀ á wà níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ yẹra fún, wọ́n á sì mọ ẹni tí wọ́n yóò padà tọ̀ wá bí àìsàn náà bá tún yọjú.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka èyí sí ìgbà wúrà. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà, wọ́n ń na àwọn mìíràn, àgbo kò sì ní òṣùwọ̀n tí ẹni tó wà lóde lè yẹ̀ wò. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí ni pé ìparí ìtọ́jú jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ gbangba, tó ní ọjọ́, ibi àti ẹlẹ́rìí, èyí tí kò jẹ́ kí aláìsàn nìkan gbé ẹrù ìpinnu náà.

Ilé ìfipamọ́ tí kò ní oògùn

Ilé tí ìjọba amúnisìn kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Wọ́n dá ti Calabar sílẹ̀ ní 1904, wọ́n sì ṣí ti Yábàá ní 1907, lẹ́yìn tí òfin kan ti fún aláṣẹ ní agbára láti ti ẹni tí wọ́n bá pè ní wèrè mọ́lé. Òfin mìíràn tẹ̀ lé e ní 1916, òun ló sì di òfin wèrè ti 1958 tí Nàìjíríà òmìnira jogún. Ìfipamọ́ ni iṣẹ́ ilé wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé kò sí dókítà ọpọlọ tó ń gbé ibẹ̀, kò sì sí oògùn kan tó lè wo àìsàn náà sàn ní gbogbo àgbáyé nígbà yẹn. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ kì í kúrò nítorí pé ìtọ́jú rẹ̀ parí. Aláṣẹ ló dá a sílẹ̀, tàbí ẹbí ló wá gbà á, tàbí ikú ló mú un lọ. Nígbà tí wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò ní Abẹ́òkúta di ilé aláìsàn ọpọlọ ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ tí ìjọba sì ń wá ibi tí yóò kó àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú sí, ọgbà ẹ̀wọ̀n náà kò tíì kúrò nínú ètò rẹ̀.

Ní ti Ẹgàn àti àwọn ìletò tó yí i ká, ipò wọn lórí àwòrán ilẹ̀ mú kí wọ́n wà láàárín ilé ìwòsàn Yábàá àti ti Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìjọba ya Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú àpapọ̀ ní 1954, ẹ̀ka Ìkẹjà, tí Alímọ̀ṣọ́ òní wà nínú rẹ̀, kù sí abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Nítorí náà, fún ọdún mẹ́tàlá gbáko, Yábàá ló sún mọ́ wọn jù lọ ní ti ìrìn àjò, ṣùgbọ́n Arò ló jẹ́ ti ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn.

Arò àti ẹbí aláìsàn

Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923 tó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ló gba àkóso Arò ní 1954. Àwọn ilé ìwòsàn náà kò tíì parí nígbà tó dé, ṣùgbọ́n ó fi ìdíwọ́ yìí ṣe àǹfààní: ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ sínú ilé wọn, kí aláìsàn máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án kí ó sì padà sí abúlé lálẹ́. Dandan ni kí ìbátan kan, ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò, tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ síbi ìtọ́jú. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú ètò náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kọ ìtọ́jú ìgbà náà sílẹ̀, pàápàá chlorpromazine, oògùn tí Jean Delay àti Pierre Deniker bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún wèrè ní Paris ní 1952 tí ó sì kárí ayé láàárín ọdún díẹ̀.

Òkìkí ètò abúlé yìí kàn débi pé ìpàdé àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, wáyé ní Abẹ́òkúta ní 1961, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ohun tí àwọn tó ń yìn ín sábà máa ń sọ ni pé ó mú àṣà ìbílẹ̀ àti ìmọ̀ òyìnbó pọ̀. Èyí tó yẹ kí wọ́n fi kún un ni pé ìbátan tó bá aláìsàn gbé ní abúlé kọ́ nípa oògùn náà: ó mọ àwọ̀ rẹ̀, ó mọ wákàtí rẹ̀, ó rí bí ara aláìsàn ṣe rí nígbà tí ó lò ó àti nígbà tí kò lò ó. Nígbà tí wọ́n bá padà sílé, ẹlẹ́rìí kan wà nínú ilé.

Ewé kan náà, àìsàn mìíràn

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni ìtàn asofẹ́yẹjẹ yí padà lọ́nà tí àwọn oníṣègùn Yorùbá kò lè mọ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine jáde láti ara ewéko ilẹ̀ Íńdíà tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, èròjà kan náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún wèrè, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi kíyè sí i pé ìsoríkọ́ ń bá àwọn kan nínú àwọn tó ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹranko, wọ́n rí i pé reserpine ń gbọ́n àwọn kẹ́míkà kan, bíi serotonin àti noradrenaline, gbẹ nínú ọpọlọ, àwọn kẹ́míkà tí iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Láti ibẹ̀ ni èrò kan ti jáde, èyí tí ó jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn onímọ̀ òde òní sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, pé àìtó àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí ló ń fa ìsoríkọ́, àti pé oògùn tó bá mú wọn pọ̀ sí i ni yóò wò ó.

Oògùn ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀ kò ti inú èrò yìí wá. Ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ ló bí i. Iproniazid jẹ́ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n rí i pé ó ń mú inú àwọn aláìsàn dùn ju bó ṣe yẹ lọ, Nathan Kline sì polongo rẹ̀ fún ìsoríkọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1957. Ní ọdún kan náà, Roland Kuhn, dókítà ní ìlú Münsterlingen ní Switzerland, kọ̀wé nípa imipramine, tí wọ́n ti dán wò fún wèrè láìṣàṣeyọrí ṣùgbọ́n tó gbé àwọn tó soríkọ́ dìde. Amitriptyline tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí Kuhn kọ̀wé rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ìnira ìdáwọ́dúró fi jáde: ní 1959, àwọn dókítà kan ti sọ pé èébì ń gbé àwọn tó já imipramine, wọ́n ń làágùn, oorun sì ń dá wọn, àkọsílẹ̀ mìíràn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961. Ọdún 1961 yìí náà ni ìpàdé Abẹ́òkúta wáyé. Ìmọ̀ nípa jíjá oògùn náà kò kéré sí ti oògùn náà lọ́jọ́ orí púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo dókítà.

Bí oògùn ìsoríkọ́ ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà

Ohun tó fà á tí oògùn yìí fi pẹ́ kó tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe ti owó nìkan. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí J. C. Carothers kọ jáde, nínú èyí tó ti sọ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn adúláwọ̀. Iṣẹ́ tí Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell jọ ṣe ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, tako ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n bá àwọn àmì ìsoríkọ́ láàárín àwọn Yorùbá lọ́pọ̀ yanturu. Margaret Field náà ti rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní Gánà, láàárín àwọn obìnrin tó ń lọ sí ojúbọ láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ṣẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1960.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ àkójọ oògùn kò-ṣeé-má-nìí rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1977, amitriptyline wà nínú rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì di oògùn ìsoríkọ́ tí dókítà Nàìjíríà mọ̀ jù lọ. Fluoxetine, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí 1987, wọ àkójọ náà ní 2007. Síbẹ̀, dídé oògùn kò túmọ̀ sí pé aláìsàn ń rí i. Ìwádìí tí Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn darí, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé nǹkan bí ẹni 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn rí láyé wọn, àti pé nínú àwọn tí tiwọn le jù, bí ẹni 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún kan. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu pé bí ènìyàn yóò ṣe dé orí oògùn ló gba gbogbo ọkàn àwọn olùtọ́jú, tí bí yóò ṣe kúrò níbẹ̀ kò fi rí ẹni bojú tó o.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ọpọlọ ẹni tó ń lo oògùn ìsoríkọ́ lójoojúmọ́ ń tún ara rẹ̀ tò kó lè bá oògùn náà gbé. Bí oògùn bá lọ lójijì, ìtòjọ náà á kù láìní ohun tó tò ó fún, yóò sì gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó tún ara rẹ̀ tò padà. Àárín àkókò yìí ni ìnira ti ń wáyé. Kì í ṣe irú ìnira tí igbó tàbí ọtí ń fà, nítorí aláìsàn kì í wá oògùn ìsoríkọ́ kiri láti fi gbádùn, kì í sì í fi kún un kó lè yó. Oògùn tó ń tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bíi paroxetine àti venlafaxine, ló ń fa ìnira jù, nígbà tí fluoxetine, tí èròjà rẹ̀ ń pẹ́ nínú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ń dín ara rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ lọ́nà kan.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, àwọn dókítà kan ṣe ìpàdé ní Phoenix ní Amẹ́ríkà, Eli Lilly tó ń ṣe fluoxetine ló sì náwó sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù fún ìnira yìí ti gbilẹ̀, orúkọ tó tọ́ka sí dídáwọ́ dúró láìdárúkọ ìnira tí oògùn mìíràn ń fà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìtọ́sọ́nà ń sọ pé ìnira náà kì í le, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Àwọn aláìsàn tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ kò dákẹ́, ní 2019 sì ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ohùn padà tí wọ́n gbà pé ó lè le, ó sì lè pẹ́, nínú àwọn kan. Ìtọ́sọ́nà tuntun tí ìjọba ibẹ̀ gbé jáde ní 2022 pa á láṣẹ pé kí dókítà bá aláìsàn sọ̀rọ̀ nípa ìdáwọ́dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà di ìdẹ́rùbà, ó yẹ kí ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tó jáde nínú Lancet Psychiatry ní 2024 rí i pé bí ẹni 31 nínú ọgọ́rùn-ún tó dá oògùn ìsoríkọ́ dúró ló ní àmì kan, ṣùgbọ́n pé bí ẹni 17 nínú ọgọ́rùn-ún tó dá hóró lásán tí kò ní oògùn nínú dúró náà ní i, tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó kù, bí ẹni 15, ni èyí tí a lè ka sí ti oògùn gan-an. Ìnira tó le kò tó ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ kan sì ń jiyàn pé ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kò wo àwọn tó ti lo oògùn fún ọdún gbọọrọ.

Ìwé kan tí Mark Horowitz àti David Taylor kọ ní 2019 ló ṣàlàyé ìdí tí ìgbésẹ̀ ìkẹyìn fi máa ń le jù. Miligíráàmù 20 citalopram, oògùn tó ń mú kí serotonin pẹ́ láàárín iṣan ọpọlọ, ń dí bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹnu ọ̀nà tí serotonin ń gbà padà sínú iṣan. Bí ìwọ̀n náà bá wá sílẹ̀ dé miligíráàmù 5 àti díẹ̀, ó ṣì ń dí bí ìdá 60. Kó tó ku ìdá 20, ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ ti wá sílẹ̀ débi tí kò tó miligíráàmù kan mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ti 20 já sí 10, tó ti 10 já sí òfo, rò pé ìgbésẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ìkejì ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìmọ̀ràn tó jáde láti inú rẹ̀ ni pé kí ìdínkù máa kéré sí i bí òpin bá ṣe ń sún mọ́lé.

Ẹgàn lónìí

Ìmọ̀ràn yìí dára, ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn Alímọ̀ṣọ́ fi ń já oògùn kì í ṣe èyí tí dókítà bá wọn ṣètò rẹ̀. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó nítòsí, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ní kó máa rí dókítà ọpọlọ ní Yábàá yóò wọ dáńfó dé Ọ̀ṣọ́dì kó tó wọ òmíràn, yóò sì lo gbogbo ọjọ́ náà lórí ìlà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ àti owó oògùn fò sókè pọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, èyí sì tún dá kún ìbẹ̀rù àìrí oògùn rà lórílẹ̀-èdè tó ń ti òkè òkun kó ọ̀pọ̀ oògùn rẹ̀ wọlé.

Bí àìlówó ṣe ń pa ìtọ́jú dé hàn kedere ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì. Ẹni tí kò lè ra káàdì oògùn odidi á ní kí wọ́n gé e fún òun, ẹni tó ń ta oògùn á sì mú àlùmọ́gàjí, yóò gé hóró mẹ́rin tàbí mẹ́fà kúrò lára káàdì, tí orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ á wà lára apá tó kù sórí àtẹ. Ẹni tó rà á ń lò ó títí tó fi tán, ó ń dúró de owó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún ń ra mẹ́rin mìíràn. Ohun tó ṣe kì í ṣe ìdínkù díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́. Ìdáwọ́dúró lójijì ni, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù. Fluoxetine inú kápúsù kò ṣeé fi abẹ gé, amitriptyline náà sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí wọ́n bá fi abẹ gé e sí mẹ́rin, èyí tí kò jẹ́ kí ìwọ̀n kékeré tí ìwé Horowitz àti Taylor sọ rọrùn láti ṣe nínú ilé.

Ìdí mìíràn ni pé ara ti yá. Ẹni tí oorun ti padà sí ojú rẹ̀, tó ti ń ta ọjà rẹ̀ ní Ìkòtún gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀, kò rí ìdí tó fi yẹ kó máa gbé oògùn mì, ìbẹ̀rù pé oògùn náà lè sọ ọ́ di ẹrú rẹ̀ sì ń tì í lẹ́yìn. Àwọn mìíràn já a nítorí ìlérí ìwòsàn tí wọ́n gbọ́ ní ilé àdúrà, tàbí nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ìyàwó ilé tàbí onílé rí oògùn náà kí wọ́n sì máa pè wọ́n ní wèrè. Ìtìjú yìí ló ń mú kí wọ́n dá gbé oògùn mì, òun náà ló sì ń mú kí wọ́n dá já a.

Nígbà tí òòyì àti àìsùn bá dé, aláìsàn àti àwọn ará ilé sábà máa ń gbà pé àìsàn náà ló padà, tàbí pé ayé ló ń bá wọn jà. Ìyàtọ̀ wà tí ó ṣeé kọ́: ìnira ìdáwọ́dúró sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìdínkù, ó ń mú àmì ara wá tí àìsàn náà kò mú wá tẹ́lẹ̀, bí orí tó ń ta gìrì àti òòyì, ó sì ń rọlẹ̀ kíá bí wọ́n bá padà sí ìwọ̀n oògùn tó ṣáájú. Ìpadàbọ̀ ìsoríkọ́ sábà máa ń yọ́ wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, pẹ̀lú àwọn ìrònú àtijọ́. Ìpadàbọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2021, láàárín àwọn tí ara wọn ti yá tó láti ronú àtidá oògùn dúró, ìsoríkọ́ padà sára ẹni 56 nínú ọgọ́rùn-ún tó dá a dúró láàárín ọdún kan, nígbà tó padà sára ẹni 39 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń bá a lọ. Nítorí náà, ìpinnu láti kúrò lórí oògùn jẹ́ ti aláìsàn àti dókítà rẹ̀ papọ̀, ẹni tí ìrònú pípa ara rẹ̀ bá sì wọlé tọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ kílíníìkì kó tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹlẹ́rìí nínú ilé

Ohun tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ nínú ìdáwọ́dúró kò pọ̀, kò sì ṣòro láti kà. Kí dókítà àti aláìsàn yan àkókò tí wàhálà kò pọ̀. Kí wọ́n dín oògùn kù ní ìwọ̀n kékeré, kí wọ́n dúró lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara lè rọlẹ̀. Kí wọ́n padà sí ìwọ̀n tó ṣáájú bí ìnira bá le, kí wọ́n sì tún gbìyànjú ní ìgbésẹ̀ tó kéré sí i. Lílo oògùn ní ọjọ́ kan kí a sì fo ọjọ́ kejì lè gba fluoxetine tó ń pẹ́ nínú ara, ṣùgbọ́n ó ń ti ẹni tó ń lo paroxetine tàbí venlafaxine sínú ìnira ní gbogbo ọjọ́ tó bá fo. Páragà àti ògógóró kì í rọ́pò oorun tó dá. Wọ́n ń fi àìsàn kún àìsàn ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ àgbà yìí sì bá ìṣirò àwọn onímọ̀ mu níbí.

Nínú gbogbo ètò yìí, ẹni tó lè sọ pé òòyì ti dín kù, tàbí pé aláìsàn kò sùn fún òru mẹ́ta, ni ó ṣọ̀wọ́n jù ní òde òní. Ilé oníṣègùn ní i, nítorí ẹbí dúró létí odò. Arò ti Lambo ní i, nítorí ìbátan gbé abúlé pẹ̀lú aláìsàn. Yábàá ti àwọn amúnisìn kò ní i rárá, kílíníìkì òde òní, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń dúró de dókítà díẹ̀, sì sábà máa ń rí aláìsàn nìkan fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, tó mú òfin wèrè ìgbà amúnisìn kúrò, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un kó tó gbà á. Bí wọ́n bá máa tẹ̀ lé òfin náà dé ìdí, ẹ̀tọ́ yìí ní láti ní bí ìtọ́jú náà yóò ṣe parí nínú: kí dókítà kọ ọ́ sínú káàdì aláìsàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì béèrè, bí Lambo ti béèrè, ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wo ni yóò bá a mọ̀ nípa rẹ̀. Ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé àdúgbò, tí ará Ẹgàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, ni ó yẹ kí wọ́n ti máa yẹ ẹni tó ń dín oògùn kù wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì tó mọ àmì mẹ́rin tàbí márùn-ún lè ṣe é, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni san owó ọkọ̀ dé Yábàá kó tó mọ̀ pé orí tó ń ta gìrì kì í ṣe wèrè.